Ojú Opó Nínú Omi

Ọjọ́ tí a sin Yẹ̀kínnì ẹ̀gbọ́n mi, tó fi iṣẹ́ dígí gígé jẹun ní Pápá Àjàó, èmi fúnra mi ni mo kọjú gbogbo dígí ilé rẹ̀ sí ògiri. Opó kì í wo ojú ara rẹ̀ nílé wa. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Azeezah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń kọ́ fọ́tò yíyà ní Yábàá. Àsìkò opó yẹn gan-an ni olùkọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ ya ojú ènìyàn bó ṣe hàn nínú omi tàbí nínú ohun tó ń dán. Ó fi ìdí ìkòkò gbìyànjú, ó fi omi òjò ojú títì gbìyànjú, kò rí bó ṣe fẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sórí bàsíà omi láti ṣe àlùwàlá. Ó dijú, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tó ti ń ṣe opó, kó má baà rí ara rẹ̀. Azeezah ya ojú náà nínú omi. Fọ́tò ọ̀hún dára débi pé ìdùnnú ò jẹ́ kó ronú. Ó sáré gbé kámẹ́rà lọ bá ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ wò ó!"

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Láti ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ti jágbe mọ́ ọn, mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyàwó wa ti rí i.

Ó wò ó títí. Ó wá rọra sọ pé, "Bàbá yín ò sọ fún mi rí pé mo ti darúgbó báyìí."