Òwìwí Inú Páálí

Láti Cocody títí dé Koumassi Remblais, Raliatou kò gbé ọwọ́ kúrò lórí páálí tó wà lórí itan rẹ̀. Páálí bisikíìtì ni, wọ́n fi okùn dì í lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ gbaka náà bá ti já sí kòtò, ó máa ń gbé páálí náà sókè díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹyin. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá àkàrà òyìnbó ló rà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ló jẹ́ kó purọ́, nítorí òwìwí ló wà nínú páálí náà, òwìwí tó ti kú láti ọdún 1954.

Ọdún 2005 ni, Raliatou sì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ìgbòho ni Rùfáì bàbá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ti wá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, ńṣe ni ó máa ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Nítorí náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé.

Oṣù mẹ́jọ ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya ẹyẹ lọ́dọ̀ Madame Micheline, nínú yàrá kan tí wọ́n ń kó òkú ẹyẹ pamọ́ sí. Wọ́n ti kó ìfun àwọn ẹyẹ náà jáde, wọ́n ti fi òwú rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì so ìwé pélébé mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ọdún rẹ̀ sí. Lékeléke ni Raliatou kọ́kọ́ yà. Ó yà á bó ṣe máa ń rí i létí ọ̀sà, ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, ó sì rẹwà lójú ara rẹ̀. Madame gbé rúlà lé e. Ẹsẹ̀ náà gùn jù, ìyẹ́ apá sì dín ní méjì. Ó fi rọ́bà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Ohun tí o mọ̀ lo yà," ó wí fún un lédè Faransé. "Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o máa yà. Ohun tí o kò bá rí, má yà á."

Láti ọjọ́ náà, Raliatou kò fa ìlà kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi kọ́ńpáàsì wọn ohun tó fẹ́ yà.

Madame fẹ́ ṣe ìwé kan fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lórí àwọn ẹyẹ ẹ̀bá ọ̀sà. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gbà síṣẹ́ láti ya àwòrán rẹ̀, àwọn méjì ló sì kù tó ń du ipò náà. Ẹnì kejì gba àṣá, Raliatou gba òwìwí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò mú àwòrán wọn wá. Ṣùgbọ́n àwọn akunlé ti dé sí yàrá náà, ni Madame bá ní kí ó gbé òwìwí lọ yà nílé. Ó mú kó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní ẹyọ kan tí àwọn ní nìyẹn. Bí ìyẹ́ kan bá ṣẹ́, kò sí òmíràn.

Nígbà tó wọ àgbàlá ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Màmá Ràmúlátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà. Kadidja, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, ń fún Faïçal ọmọ rẹ̀ olóṣù méje lọ́mú. Màmá bi Raliatou pé kí ló ń lọ ṣe ní Cocody lójoojúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lédè Faransé. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó ní Yorùbá ni kó fi dá òun lóhùn, Paris kọ́ ni wọ́n bí òun sí.

Raliatou ronú. Ẹni tó ń ta ẹja, ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ẹni tó ń ta aṣọ, aláṣọ ni. Ọ̀rọ̀ tó ń wá yọ sí i lẹ́nu wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn.

"Màmá, mo ti di ẹlẹ́yẹ," ó wí.

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀pà. "O ti di kí ni?"

"Ẹlẹ́yẹ. Obìnrin kan ló ń kọ́ mi. Ó ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán, ó ku ẹyọ kan." Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fèsì, ó rò pé ohùn òun ló kéré jù. Ó gbé páálí náà sókè. "Ẹyẹ mi nìyí. Inú ibí ló ń gbé."

Kadidja já ọmú kúrò lẹ́nu ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kí oòrùn tó wọ̀, ara Faïçal ti gbóná bí ìkòkò orí iná.

Ní ọjọ́ kejì, bí Raliatou bá kí wọn, òkèèrè ni wọ́n ti ń dá a lóhùn. Wọ́n ká aṣọ ọmọ kúrò lórí okùn tó gba iwájú yàrá rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù bà á, pàápàá jù lọ nítorí pé kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ọjà dé lọ́sàn-án gangan, èyí tí kì í ṣe. Ó ní ọkọ̀ Nàìjíríà yóò gbéra ní Sátidé. Raliatou àti Màmá ni yóò jọ lọ sí Ìgbòho, wọn yóò ṣe àdúrà fún un níbẹ̀. Raliatou béèrè ọjọ́ tí òun yóò padà. Bàbá kàn bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yẹ yẹn.

"Kò sí ẹni tó kọ́ mi, Papa. Mo rò pé bíi ẹlẹ́ja ni."

Ó dà bí ẹni pé bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé àwọn àjẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ní ó ń pa ọmọ jẹ. Wọ́n sì ní olúkúlùkù wọn ló ní ẹyẹ tirẹ̀ tó ń bẹ nínú igbá.

"Ìwọ wá lọ sọ fún wọn pé tìrẹ wà nínú páálí," ó wí. "Èmi gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, kò sí ohun tí mo lè sọ tí wọn yóò gbọ́."

Lẹ́yìn tó jáde, Raliatou kò lè fọwọ́ kan páálí náà mọ́. Ó tó àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kó tó tú okùn rẹ̀. Òwìwí náà fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú rẹ̀ funfun báláú, nítorí òwú ni wọ́n fi dí ihò méjèèjì. Ó dá a lójú pé orí ẹyẹ náà ti yí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Ó mú kọ́ńpáàsì, ó wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé èjìká. Kò yàtọ̀ sí ohun tó kọ sílẹ̀ ní Cocody. Ó tún un wọ̀n. Bákan náà ni. Ìgbà yẹn ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láàárọ̀ yẹn kan náà, Kadidja gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Etí ọmọ ló ń ṣe ọyún. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọn yóò máa kán sí i, àti òwú tí wọn yóò fi dí i. Raliatou gbọ́ láti ojú fèrèsé, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tíì tán. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, Kadidja wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgò epo òyìnbó. Màmá ní àwọn dúpẹ́ pé ọmọ ń gbádùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jó páálí náà, kí àìsàn náà má baà mọ̀nà padà. Raliatou dúró síwájú páálí náà. Ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí. Ó rántí ọkọ̀ Sátidé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n yà á tán lójú yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ohun tó bá wù yín."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ó kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ti tọ́ka sí àárín àgbàlá.

Ó jókòó síbẹ̀, ó tẹ́ òwìwí sórí aṣọ funfun. Kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Ìlà àkọ́kọ́ tó fà wọ́ bí ọ̀nà aláǹgbá. Kí ọwọ́ rẹ̀ lè rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyẹ́ apá sókè bí wọ́n ti kọ́ ọ, lédè Faransé, un, deux, trois, títí ó fi dé dix, ìyẹn ẹ̀wá. Nígbà tó kan etí ìyẹ́ iwájú, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó sì ń ya eyín wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ sí i.

"Kí ló dé tí o fi eyín sí ìyẹ́?" Ohùn Màmá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ wò ó."

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ kó tó na ìka kan, ó fi kan etí ìyẹ́ náà. Ó rí bí eyín òòyà, ó sì rọ̀.

"Ìdí rẹ̀ nìyí," Màmá wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ní oko bàbá wa, lórí abà àgbàdo ló máa ń bà, ó ń pa eku. Ó máa ń fò kọjá lórí wa tí a kì í gbọ́ nǹkan kan. Àwa ń sọ pé kì í ṣe ẹyẹ lásán, àṣé ìyẹ́ rẹ̀ tó rọ̀ báyìí ni kì í jẹ́ kó dún." Ó wo ojú funfun náà. "Kí lẹ fi dí ojú rẹ̀?"

"Òwú ni, Màmá."

"Òwú bíi ti etí Faïçal?" Kadidja béèrè láti ọ̀nà jíjìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tantie. Òwú náà ni."

Kadidja kò súnmọ́ tòsí, ṣùgbọ́n ó gbé ìgò epo náà sílẹ̀.

Màmá ní Raliatou kò ní í lọ sí Ìgbòho ní Sátidé mọ́, ẹyẹ náà kò sì gbọdọ̀ sun inú ilé yìí. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní iṣẹ́ tí o ń ṣe," ó fi kún un, "sọ pé o ń ya àwòrán. Jẹ́ kí wọ́n wá bi ọ́ pé àwòrán kí ni."

Bàbá Raliatou ló fúnra rẹ̀ gbé páálí náà lọ tì mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni gbé iná.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Madame Micheline gbé àwòrán náà sábẹ́ fìtílà. Ó ka ìyẹ́ náà, ó pé mẹ́wàá. Ó wo eyín etí ìyẹ́ iwájú pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó rí ìlà tó wọ́, ó béèrè ohun tó fà á. Raliatou ní ẹ̀rù ni. Madame ní a lè tún ìlà fà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè kà á pé mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó gbà á síṣẹ́.

Ìwé náà jáde ní ọdún 2008. Ẹyọ kan wà nílé ní Koumassi, Faïçal sì mọ orúkọ gbogbo ẹyẹ inú rẹ̀ àfi ọ̀kan, nítorí Kadidja ti lẹ ewé kàlẹ́ńdà mọ́ ojú ìwé òwìwí. Títí di òní, bí ará ilé bá bi Raliatou ní iṣẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá, ó kọ́kọ́ máa ń wo ẹ̀yìn bóyá ìkókó kan wà nítòsí, kó tó la ẹnu.