Lọ́yà Gbọ́-Tẹnìkejì Dé Ilé Aṣòfin

Yàrá kan ṣoṣo lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti ń sáré nísàlẹ̀, tábìlì á máa gbọ̀n lókè. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ retí pé lọ́yà obìnrin yìí á kọ́kọ́ bá òun káàánú. Á ní, "Ẹ jókòó. Ẹ bá mi ro tẹni tí ẹ ń bá jà ná." Inú á bí àwọn míì, wọ́n á gba ilé wọn lọ. Àwọn tó dúró ló máa ń jàre. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Lọ́yà Gbọ́-tẹnìkejì nìyẹn.

Orúkọ yẹn náà ló gbé e wọlé ìbò. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ! Òfin kan ṣoṣo ló bá lọ sílé aṣòfin: kí onílé kankan má ṣe kó ẹrù ayálégbé síta láìjẹ́ pé wọ́n dé iwájú adájọ́. Ó ní ìdí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó jókòó sórí àpótí aṣọ nínú òjò, lọ́jọ́ tí onílé sọ òun àti ìyá rẹ̀ síta.

Ọjọ́ tó dìde sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ wà lórí àga àlejò lókè. Kí ni ọmọ yìí ṣe? Ẹjọ́ àwọn onílé ló gbé sẹ́nu! Ó sọ ti ilẹ̀kùn tí ayálégbé fọ́, ó sọ ti ògiri tí wọ́n fi èéfín kùn. Àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo, "Jókòó! O ti tà wá!"

Ìyá rẹ̀ gbá orí mú. "Mo gbé o."

Lọ́yà kọjú sí olórí àwọn alátakò, bàbá arúgbó kan tó nílé lọ súà. "Bàbá, ṣé mo ro tiyín dáadáa?"

"O rò ó jù mí lọ, ọmọ mi."

"Ẹjọ́ tó dùn tó báyìí, kí ló wá dé tí ẹ ń sá fún adájọ́?"

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n sì ní kí ẹni tó fara mọ́ òfin náà nawọ́, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Òfin wọlé!

Ìyá fò sókè, ó ń ké, ó ń jó láàárín àga. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá. "Màmá, wọn kì í pariwo níbí. Ẹ jáde síta."

"Síta kẹ̀?" Ìyá tún jókòó, ó fọwọ́ méjèèjì di àga mú. "Mú mi dé iwájú adájọ́ ná!"