Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Yá Bátìrì Mọ́sáláṣí

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí bàbá mi yá bátìrì gbohùngbohùn mọ́sáláṣí wa ní Lálúpọn. Wọ́n fi bẹ́líìtì so ẹ̀rọ méjì pọ̀: bátìrì ń yí èkíní, èkíní ń yí èkejì, èkejì sì ń pèsè iná tó lè gbé fáànù. Bí fáànù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gbogbo agboolé kó fóònù wá ṣáájì. Kó tó di àsìkò ìrun ìrọ̀lẹ́, bátìrì ti kú.

"Ẹnu yín lẹ máa fi pèrun o, Alájì," ni ládàánì wí.

Bàbá mi gun orí àga, wọ́n pè é. Ohùn wọn há débi pé ewúrẹ́ ń dá wọn lóhùn.

Mọ́sáláṣí kún ju ọjọ́ Jímọ̀ lọ. Gbogbo ilé ló fẹ́ mọ ẹni tó ń ké.