Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró De Àlejò Pàtàkì

Ìyá Aránṣọ ti kú. Ẹ má bínú pé mo fi ìròyìn yìí da ayẹyẹ yín rú. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó kú sí àti ẹ̀rọ tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Iná wà, dókítà tó mọ̀ ọ́n lò sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àlejò pàtàkì tó máa ṣí aṣọ lórí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí.

Ta ló rán aṣọ ọ̀hún? Ìyá Aránṣọ náà ni. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń rán gbogbo kọ́tìnì ilé ìwòsàn yẹn, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi ìfọṣọ. Ó máa ń fi àjákù aṣọ rán fìlà fún àwọn ọmọ tuntun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba ṣòkòtò mi, àrán pupa ló tẹ́ sórí tábìlì.

"Bùọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ wá wò ó. Aṣọ tí ẹ̀rọ fẹ́ wọ̀ yìí, èmi tí mo rán an ò ní irú ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Lójijì ló fọwọ́ di àyà mú, ó jókòó. "Ó tún ti ń sáré lọ síbi tí mi ò rán an."

Bí ọkàn rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, oògùn ò sì kápá rẹ̀ mọ́. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé àwọn iṣan tín-ín-rín kan ló ń gún ọkàn náà ní kẹ́ṣẹ́. Òun á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀, òun á fi ẹ̀rọ yẹn jó wọn, kí ọkàn lè sinmi. Kò búra pé yóò ṣiṣẹ́. Ó ní ó yẹ kí àwọn gbìyànjú.

Ló bá lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pé kó jẹ́ kí òun lo ẹ̀rọ náà. Èsì tó gbà, dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ọmọ olóògbé: "Ṣé àlòkù la fẹ́ kí àlejò wá ṣí ni?"

Ẹ ò rí làákàyè? Ojú wo ni àlejò máa fi wo ẹ̀rọ tó ti gba ẹ̀mí là?

Wọ́n ti ṣí i báyìí, lẹ́yìn tí a sin ìyá náà. Ọ̀gá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, títí kan àwọn tó to àga. Àlejò yin aṣọ náà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó rán an. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n pè pé kó wá ká a nílẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fi orúkọ Ìyá Aránṣọ sọ yàrá kankan. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ pe ọ̀gá yín, ẹ pe ọmọ yìí, kí wọ́n jókòó kojú ara wọn. Kí ọ̀gá tún ohun tó sọ fún dókítà sọ lójú ọmọ náà, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Tí ẹnu rẹ̀ bá gbà á, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí kò bá gbà á, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì.