Ẹ̀ṣọ́ Ọmọ Ọdún Mọ́kànlá

Apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà náà, inú rẹ̀ sì ni gbogbo ṣọ́jà tó bá fẹ́ wọlé ń bọ́ fìlà rẹ̀ sí. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, òfin ni. Ìbáà jẹ́ kọ́pùrà, ìbáà jẹ́ ọ̀gágun, bí fìlà bá ti wọ apẹ̀rẹ̀, ó di bàbá ọmọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo bárékè fi ń pe obìnrin náà ní Dókítà Bọ́-fìlà. Òun náà wọ aṣọ ogun, ipò mẹ́jọ̀ ló wà, ṣùgbọ́n fìlà tirẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀.

Àwọn ọmọ ṣọ́jà tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń tọ́jú: èyí tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ṣì ń tọ̀ sílé, èyí tó ń bá gbogbo kíláàsì jà, èyí tó ti yí ilé ìwé padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà torí pé wọ́n ń gbé bàbá rẹ̀ káàkiri bí ẹrù. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Wọ́n á wá láàárọ̀, wọ́n á bá a jókòó sórí ẹní nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ jáde á jáde, wọ́n á sì padà sílé. Àwọn kan ní bárékè ń sọ pé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn, pé eré lásán ló ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lónìí ni yóò di ọwọ́ ọmọ tirẹ̀ mú wá lọ́la, tí yóò máa wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan rí òun.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyàwó sájẹ́ńtì kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí kò ti sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí ìwé ti dé pé bàbá rẹ̀ tún ń lọ sójú ogun, ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín ọdún mẹ́rin. Oorun rẹ̀ kò sì ju ti ológbò lọ, ariwo díẹ̀ á jí i. Ọjọ́ Ẹtì ni bàbá ń lọ. Wọ́n ti kó gbogbo àwọn tó ń lọ sínú àgọ́ lẹ́yìn pápá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde mọ́.

"Ẹ gbà mí, Dókítà," ni ìyá náà wí. "Dókítà etí ti wò ó, dókítà ọ̀fun ti wò ó. Bàbá ẹ̀ ní oríkunkun ni. Kó tó lọ sí àgọ́, ó ní kó dúró ṣánṣán títí ẹnu ẹ̀ á fi là. Mà, odidi wákàtí kan ló fi dúró. Kò tiẹ̀ mira."

Dókítà ò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń to àwọn igi ìṣeré léra wọn, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Ọmọ náà kọ̀, kò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí aago ara ògiri lu mẹ́wàá, ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó fọwọ́ kan ìkọ́ rẹ̀, ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó yí gìgísẹ̀ padà, ó sì padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí aago tún dún ní mẹ́wàá ààbọ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ìrìn yẹn. Òun náà rìn ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, lọ́dún tó kọ́ṣẹ́ ogun.

"Ìyá ọmọ, kí ni bàbá ẹ̀ sọ fún un nígbà tó kọ́kọ́ ń lọ?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Eré ni o, mà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà yẹn, ẹkún ò jẹ́ kó gbádùn. Bàbá ẹ̀ wá fi fìlà ẹ̀ dé e lórí, ó ní òun fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Ó ní ẹ̀ṣọ́ kì í sùn, kì í sọ̀sọkúsọ, kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àfi tẹ́ni tó fi í síbẹ̀ bá wá gbà á sílẹ̀."

"Ó lọ, ó sì dé. Ṣé ó gbà á sílẹ̀?"

Ìyá náà wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Ó ra bàtà fún un."

Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ti ọmọ yìí yàtọ̀. Oorun ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ́, ọdún mẹ́rin gbáko, láìsí ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀; ìwé ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá jẹ́ kó pa ẹnu dé pátápátá. Sájẹ́ńtì tó lè fìyà jẹ ṣọ́jà torí pé ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ dé ibi ìṣọ́, ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ló gbàgbé sínú ilé! Inú bí dókítà débi pé omi lé sí i lójú. Bí bàbá yìí bá lọ lọ́jọ́ Ẹtì láìsọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, tí ogun sì gbé e lọ, ta ni yóò gba ọmọ náà sílẹ̀ láé?

Lọ́jọ́ kejì, dókítà lọ bá ọ̀gá bárékè ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà.

"Wákàtí kan péré ni mo fẹ́ fi rí sájẹ́ńtì yẹn torí ọmọ ẹ̀, sà."

"Mẹ́jọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin ló wà nínú àgọ́ yẹn, gbogbo wọn ló bímọ. Tí mo bá ṣí géètì fún ẹnì kan torí pé ọmọ ẹ̀ ń ṣagídí, ilẹ̀ ò ní ṣú kí àgọ́ tó ṣófo."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, sà."

"Ọjà kọ́ nibí. Bárékè ni. O lè máa lọ."

Ó kí i bí ṣọ́jà ti ń kí ọ̀gá, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ṣọ́jà kankan ò gbọdọ̀ rìnrìn àjò bí dókítà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì yẹ, kò sì sí ọ̀gá tó lè pa ìwé yẹn rẹ́ àfi dókítà tó kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà níbẹ̀, kò lò ó rí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá yìí kan náà ni ìwé ìgbéga tirẹ̀ wà. Ó fa gègé yọ, ó kọ ọ́ pé sájẹ́ńtì ò tíì yẹ fún ìrìn àjò títí yóò fi fojú kan òun, ó sì buwọ́ lù ú débi pé gègé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n fi ọkọ̀ gbé sájẹ́ńtì dé, tìbínú-tìbínú. Ìyá àti ọmọ ti wà nínú yàrá. Ó sọ fìlà rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni sọ òkò.

"Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni, mà? Àwọn ọmọ abẹ́ mi á ní ẹ̀rù ogun ló ń bà mí!"

Dókítà sọ ohun tó rí fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Torí eré yẹn?" Aago lu mẹ́sàn-án. Ọmọ náà dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó yí gìgísẹ̀ padà. Ẹ̀rín kú mọ́ sájẹ́ńtì lẹ́nu. Ó la apá méjèèjì sí ọmọ náà. "Ìyá mi, wá." Ọmọ ò mira.

Dókítà mú fìlà inú apẹ̀rẹ̀, ó nà án sí i. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú yàrá náà. "Ẹ dé e. Bàbá kọ́ ló fi í ṣẹ̀ṣọ́, sájẹ́ńtì ni."

Ọkùnrin náà dé fìlà, ó nàró. "Ẹ̀ṣọ́! Mo wá gbà ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Jíṣẹ́!"

Ọmọ náà fọwọ́ kan iwájú orí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn, sà. Màmá sunkún, ṣùgbọ́n mi ò sọ fẹ́nì kankan. Mo sùn lọ lẹ́ẹ̀kan, sà, lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe mí. Ẹ má bínú."

Sájẹ́ńtì kúnlẹ̀ gbì. "Mo gbà ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi, mo ti gbà ọ́ sílẹ̀. Lọ sinmi." Ó ń sunkún, kò sì fi pa mọ́. Kó tó nu ojú tán, ọmọ ti sùn lọ lórí itan rẹ̀, ó ń hanrun.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá bárékè fúnra rẹ̀ dé, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè níta. Dókítà jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sì dúró síwájú rẹ̀.

"Mẹ́jọ̀, ọkọ̀ ń dúró! Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

"Ọmọ ń sùn, sà."

"Ta ló fi ẹ́ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?"

"Èmi ni mo gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, sà. Ó di wákàtí kan sí i kí bàbá ẹ̀ tó jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, apẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀gá wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn tí ìhanrun ọmọ ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde. "Ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ á tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kílẹ̀ tó ṣú," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ló fi wí i.

"Ẹ fi sínú apẹ̀rẹ̀, sà," ni dókítà dáhùn, kò sì yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.