Fínẹ́gà fún Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Òórùn ẹsẹ̀ bàbá mi máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Láàárín àwọn ọdún 1990 nìyẹn, ní Bantè ìlú wa. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló fi ń wọ bàtà rọ́bà nínú oko iṣu rẹ̀ lọ́nà Lougba, tó bá sì bọ́ ọ báyìí, ewúrẹ́ á dìde. Mo máa ń sọ ọ́ sí i lójú, òun á sì rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ò dáa nígbà yẹn o, kò tíì dáa tán náà.

Àmọ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ló ti ń kírun, èjìká sí èjìká, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀. Jímọ̀ yẹn, ọkùnrin tó dúró tì í sún, ẹnì kejì náà sún. Ó délé, ó ní òun á kúkú máa kírun nínú yàrá òun. Inú bí mi, mo lọ ká ọkùnrin yẹn mọ́lé.

"Ẹ̀yin náà, ṣé lọ́fíńdà ni ẹsẹ̀ tiyín ń rùn ni?"

"Lọ fọ ti bàbá rẹ ná," ló dá mi lóhùn, "kó o tó wá fẹnu tìẹ ba tèmi jẹ́."

Mo ní ó dáa, màá fọ̀ ọ́. Ìyá kan tó ń ta saláàdì létí títì ló kọ́ mi: fínẹ́gà ife kan, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ife méjì, kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀, kó wá nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ o," ló wí. "Tó bá légbò, má dán an wò."

Mi ò wò ó. Ó ń rí mi lára. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń po fínẹ́gà, màá fẹsẹ̀ ti abọ́ síwájú rẹ̀, màá kọjú sógiri. Màá bi í pé, "Bàbá, ṣé kò ta yín?" Á ní kò ta òun rárá, pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo rò pé mo mọ oògùn ún pò ni. Nígbà tó yá, òórùn yẹn lọ, bàbá padà sí ìlà àkọ́kọ́, èmi náà wá ń gbéra ga káàkiri Bantè bíi dókítà.

Kò pẹ́, ibà dé, ẹsẹ̀ wú. Zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Dókítà gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè, egbò tó wà níbẹ̀, ìka á wọ̀ ọ́. Ó ní àìsàn ṣúgà ló ti pa ẹsẹ̀ náà, kò mọ ìrora mọ́, ìyẹn ni fínẹ́gà ò ṣe ta á.

"Ta ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ yìí nílé?"

"Ọmọ mi yìí ni," bàbá mi sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò jẹ́ kọ́jọ́ kan kọjá. Ẹ bá mi yìn ín."

Dókítà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Láti ìgbà yẹn, orí àga lẹ́yìn pátápátá ní mọ́ṣáláṣí ló ti ń kírun títí ó fi kú. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé ọmọ tó bí yìí, ọmọ gidi ni. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ láìfèsì, ìyẹn nìkan ni mi ò fèsì sí.