Omi Bọ́ọ̀hòlù Bàbá Mi Lábẹ́ Òkun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tójú mi rí lórí omi fún yín. Ẹ má sọ pé irọ́ ni mò ń pa o.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Oṣooṣù ni mò ń wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá lọ sí Abereke, tí mò ń fi okùn sọ mítà sínú òkun láti mọ bó ṣe gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ojú ibì kan náà, láti ọdún dé ọdún. Gbígbóná ló ń gbóná sí i, iyọ̀ náà sì ń pọ̀ sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo ti ń wọ̀n ọ́n ni àdúgbò wa àtijọ́ tí òkun ti gbé mì. Ilé tí wọ́n bí mi sí wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Bí a bá débẹ̀, Ṣọlá tó ń wa ọkọ̀ wa máa ń rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ kúulé o." Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ń kí. Ta ni à ń kí? Èmi kì í bèèrè.

Omi ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tutù, kò sì níyọ̀. Láàárín òkun! Bọ́ọ̀hòlù tí bàbá mi gbẹ́ kí wọ́n tó kú ló ṣì ń tú omi jáde lọ́hùn-ún. Mo mọ ìdí ẹ̀, agbára omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń tì í jáde, síbẹ̀ orí mi máa ń wú.

Màámi ló ń gbé ilé pákó tó sún mọ́ òkun jù. Ìgbì ti ń gbá òpó rẹ̀. A bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ ká tú ilé náà, ká kó o sẹ́yìn, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń fi ìgò tó ń ṣí bó bá dé ìsàlẹ̀ omi bu omi bọ́ọ̀hòlù yẹn wá fún wọn. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Bàbá yín ṣì wà nílé. Ibo ni kí n lọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tiẹ̀ ní kí n da iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè gbà láti kó. Mo ní iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn.

Àfi oṣù tó kọjá. Ọ̀sán gangan ni, òkun parọ́rọ́, kò sí ẹyẹ kankan lókè. Mo sọ mítà sílẹ̀: iyọ̀. Mo fà á sókè, mo nù ún, mo tún sọ ọ́. Iyọ̀ náà ni, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti ibi tó kù. Ṣọlá wò mí, ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ẹ̀rù bà mí.

Ṣé kí inú mi dùn ni? Màámi á gbà láti kó báyìí. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí.

Mo bu omi náà lọ fún Màámi bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù. Wọ́n ní èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ da iyọ̀ sí i. Mo búra títí, wọn ò gbà. Wọ́n ní kí n gbé àwọn débẹ̀.

A gbé wọn débẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló fa okùn, wọ́n tọ́ omi wò. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀, wọ́n ní, "Ẹ kúulé o," wọ́n sì ń tẹ́tí bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ìgbì ò tilẹ̀ lu ara ọkọ̀. Wọ́n gbórí sókè.

"Bàbá yín ti kó lọ," Màámi ní. "Ẹ wá tú ilé mi."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń ka nọ́ńbà mítà sí Màámi létí? Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà létí omi, ẹ mú wọn lọ fojú ara wọn rí i.

Ṣé omi ti gba ilé tiyín rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn, torí oṣooṣù ni mo ṣì ń kọjá níbẹ̀: ṣé kí n ṣì máa kí wọn ní "Ẹ kúulé o"?